Bí a ṣe yan páńẹ́ẹ̀lì sólà mẹ́rin fún òrùlé Àǹtí mi: búlúù ni, dúdú ni, àbí olójú méjì?

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí tó ṣì tutù lọ́kàn mi, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa dé ibi tí Àǹtí mi dé yìí. Wọ́n ti ra inverter sílẹ̀, ti 48 V, wọ́n ti ra bátìrì lítíọ́ọ̀mù sí i, páńẹ́ẹ̀lì nìkan ló kù, wọ́n bá pè mí, wọ́n ní "wọ́n ní dúdú lágbára ju búlúù lọ o, ṣé dúdú ni kí n kó?" Mo ní Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n wá wo òrùlé yín ná.

Wọ́n ní kí ni òrùlé fẹ́ ṣe nínú ọ̀rọ̀ páńẹ́ẹ̀lì. Òun gan-an lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. A máa ń gbé páńẹ́ẹ̀lì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì ká máa bi ara wa pé èwo ló dáa jù, nígbà tó jẹ́ pé òrùlé tó máa gbé e, òjìji tó máa bò ó, àti inverter tó máa gba iná ẹ̀ ló yẹ ká fi wọ́n wé. Páńẹ́ẹ̀lì tó dáa gidi lórí òrùlé mi lè má wúlò rárá lórí tìẹ.

Iná tí wọ́n ń lò la kọ́kọ́ ṣírò. Fíríísà kan, fáànù mẹ́ta, gílóòbù, tẹlifíṣàn, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ àti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì, a kọ wáàtì kálukú sílẹ̀ àti wákàtí tó ń lò, àpapọ̀ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yúníìtì 5 lójúmọ́, ìyẹn 5,000 wáàtì-wákàtí. Mo wá fi wákàtí oòrùn 4 pín in. Wákàtí oòrùn tí mo ń wí yìí kì í ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ o, gbogbo oòrùn ọjọ́ náà lẹ máa kó pọ̀ bí ẹni pé ó ń ràn ní agbára 1,000 W lórí mítà kan níbùú lóròó, ẹ wá wo iye wákàtí tó jẹ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú 4, ọjọ́ kan á jù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ìkùukùu bá ṣú kò ní tó bẹ́ẹ̀. 5,000 pín sí 4 jẹ́ 1,250 W. Ṣùgbọ́n ooru máa jẹ nínú ẹ̀, eruku máa jẹ, wáyà àti inverter náà á mú tiwọn, torí náà mo gbé e lọ sí bíi 1,700 W. Ohun tí òrùlé yẹn gbọ́dọ̀ gbé nìyẹn, kò gbọ́dọ̀ dín.

A gun òrùlé. Apá kan ṣoṣo ló kọjú sí oòrùn dáadáa, tẹ́ẹ̀pù ní mítà 4.8 níbùú, mítà 2.4 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Apá kejì, ọ̀pá eríà àti táńkì omi ti gba gbogbo ẹ̀. Igi ńlá kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó máa ń ju òjìji sí etí ìsàlẹ̀ ibi tó dáa yẹn láàárọ̀, títí di bí aago mẹ́sàn-án. Wọn ò fẹ́ gé igi yẹn, èmi náà ò sì ní gbà wọ́n nímọ̀ràn kí wọ́n gé e.

Ó wá ku ká wo ohun tó wà níta. Mẹ́rin la rí tó ṣe é gbé yẹ̀wò: pọ́lì (èyí tó búlúù) 330 W, mónò (èyí tó dúdú) 400 W, mónò 550 W, àti mónò N-type (irú sẹ́ẹ̀lì mónò kan tó yàtọ̀) 580 W tó jẹ́ gíláàsì níwájú gíláàsì lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní olójú méjì.

Ọ̀rọ̀ dúdú àti búlúù yìí, ẹ jẹ́ kí n tú u díẹ̀, torí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Sílíkọ́nì ni méjèèjì. Ti mónò, wọ́n á yọ́ sílíkọ́nì, wọ́n á wá máa fa á jáde díẹ̀díẹ̀ kó lè dì bí òkúta kan ṣoṣo tí kò ní oríkèé, á gùn roboto bí òpó, wọ́n á wá rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Torí pé ó rí roboto ni igun sẹ́ẹ̀lì mónò, ìyẹn àwọn pẹlẹbẹ tó kún inú páńẹ́ẹ̀lì, fi máa ń dà bí ẹni pé wọ́n gé e kúrò. Ti pọ́lì, inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n máa ń da sílíkọ́nì yíyọ́ náà sí kó dì, á wá dì ní wẹ́wẹ́wẹ́, òkúta kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ra, ẹ wò ó dáadáa ẹ máa rí i tó ń dán ní àbùlẹ̀ àbùlẹ̀. Ibi tí òkúta kan ti kan ìkejì yẹn ni díẹ̀ nínú iná ti ń sọnù. Ìdí nìyẹn tí pọ́lì fi máa ń sọ nǹkan bí 15 sí 17% oòrùn tó bà lé e di iná, tí mónò òde òní sì máa ń ṣe bí 20 sí 22%, àwọn míì tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, wáàtì ni wáàtì ń jẹ́. Pọ́lì 330 W àti mónò 330 W, iye kan náà ni wọ́n máa gbé jáde tí wọ́n bá tẹ́sí wọn pọ̀. Pé mónò lágbára jù, ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò ní gba ààyè tó pọ̀ tó ti pọ́lì. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ gbalasa lẹ́yìnkùlé, tó rí pọ́lì tó dáa lówó tó wálẹ̀, kò ṣe àṣìṣe rárá tó bá rà á. Nǹkan kan ṣoṣo tí mo máa ní kó ṣọ́ ni pé púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti fi pọ́lì sílẹ̀, torí náà èyí tó bá rí lè jẹ́ èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ tàbí èyí tí wọ́n tú kúrò lórí òrùlé ẹlòmíì. Àǹtí mi ò kúkú ní ilẹ̀ gbalasa. Òrùlé mítà 4.8 ni wọ́n ní.

Mo bá fi ṣọ́ọ̀kì ya òrùlé náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bó ṣe tó gẹ́lẹ́. Pọ́lì 330 W yẹn gùn ní mítà 1.96, ó fẹ̀ ní 0.99. Tí a bá to wọ́n lóòró, mẹ́rin ló wọlé, ìkarùn-ún ò wọ̀. Tí a bá dá wọn bùú, mẹ́rin náà ni. Mẹ́rin lọ́nà 330 jẹ́ 1,320 W, kò dé 1,700. Pọ́lì ti já nìyẹn, ààyè ló já a, kì í ṣe àwọ̀. Mónò 400 W gùn ní 1.72, ó fẹ̀ ní 1.13, mẹ́rin náà ló wọlé, ó fún wa ní 1,600, ó kù díẹ̀ káàtó. Mónò 550 W gùn ní 2.28, ó fẹ̀ ní 1.13. Lóòró, mítà 2.28 wọ inú 2.4 bíńtín báyìí, mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn jẹ́ 4.52, àlàfo tí kíláǹpù máa gbà sì wà láàárín wọn, ó wọlé! 2,200 W. N-type 580 ṣe déédéé pẹ̀lú 550 ní gígùn àti fífẹ̀, òun á fún wa ní 2,320 W.

Wàyí o, èmi náà ti fẹ́ sọ pé 400 W ò burú, tó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún wáàtì péré ló kù, ó ṣáà fúyẹ́, kò tó kílò 22, èèyàn kan lè gbé e gun àkàbà. Ìwé inverter ló yí mi lọ́kàn padà. Wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó máa ń gba oòrùn láàárín 60 sí 115 V, pé kò gbọ́dọ̀ kọjá 145 V láéláé. Fóltéèjì tí páńẹ́ẹ̀lì 400 W yìí fi ń ṣiṣẹ́ jẹ́ nǹkan bí 31 V. Tí ẹ bá so méjì tẹ̀lé ara wọn, 62 V ni, lójú ìwé ó dáa. Àmọ́ oòrùn ọ̀sán máa gbé ara páńẹ́ẹ̀lì dé bíi dígírì 65, bó bá sì ṣe ń gbóná sí i ni fóltéèjì ẹ̀ á máa wálẹ̀ sí i, 62 yẹn á rọra sọ̀kalẹ̀ sí bíi 55. Inverter tó ń wá 60 máa wò ó níran ni, bátìrì 48 V fúnra ẹ̀ sì máa ń fẹ́ tó 56 V kó tó kún. Ìyẹn ni pé ọ̀sán gangan tí oòrùn mú jù lọ ni ṣáájì máa dáwọ́ dúró! Tí ẹ bá ní kẹ́ ẹ so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀lé ara wọn, fóltéèjì ẹ̀ tí wọn ò bá tíì so ẹrù (ohun tó ń lo iná) mọ́ ọn jẹ́ 37 lọ́nà mẹ́rin, 148 V, ó ti ju 145 lọ, ẹ fẹ́ jó inverter nìyẹn. Tí ẹ bá so mẹ́ta, ọ̀kan ṣẹ́kù. Kò síbi tẹ́ ẹ máa gbà á gbé.

Ti 550 àti 580, fóltéèjì wọn láìsí ẹrù jẹ́ bíi 50 àti bíi 51. Méjì méjì tẹ̀lé ara wọn, ó ń lọ sí 100 V àti díẹ̀, tó bá ń ṣiṣẹ́ ó wà ní 84 sókè, àárín gbùngbùn ibi tí inverter fẹ́ ló bọ́ sí. Ẹ wá so ìlà méjì yẹn pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ ò gbọ́dọ̀ so mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn o, ó máa tó 150 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, àárọ̀ tútù sì tún máa ń gbé fóltéèjì sókè sí i.

Mo mọ̀ pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa fò kọjá. Ẹ má fò ó.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn tó ń tà á. Ó gbé páńẹ́ẹ̀lì kan jáde, sítíkà ẹ̀yìn ẹ̀ sọ pé 300 W, owó ẹ̀ fani mọ́ra gan-an, Àǹtí mi ti ń wo ojú mi. Mo fa tẹ́ẹ̀pù yọ: mítà 1.48 lọ́nà 0.67. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mítà kan níbùú lóròó gẹ́lẹ́. Oòrùn tí wọ́n fi ń tẹ́sí páńẹ́ẹ̀lì jẹ́ 1,000 W lórí irú ààyè bẹ́ẹ̀, torí náà tí èyí bá ń gbé 300 jáde, ó ń sọ 30% oòrùn di iná nìyẹn. Kò sí irú ẹ̀ lórí àtẹ. Lọ́dún 1954 tí Bell Labs ní Amẹ́ríkà gbé sẹ́ẹ̀lì sílíkọ́nì tó wúlò jáde, nǹkan bí 6% ni, gbogbo ọdún tí wọ́n ti fi ń tún un ṣe látìgbà yẹn wá ló gbé e dé ogún àti díẹ̀ tá a ń rà lónìí. Mo wá wo ìsàlẹ̀ sítíkà náà, ibẹ̀ ni fóltéèjì tó fi ń ṣiṣẹ́ ti jẹ́ 18 V, áńpù ẹ̀ 8.9. Ẹ fi ọ̀kan sọ ìkejì di púpọ̀, 160 W ni. Ẹni tó tẹ sítíkà yẹn yí nọ́ńbà òkè, ó gbàgbé ti ìsàlẹ̀. Mo fi hàn ẹni tó ń tà á, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní bí wọ́n ṣe kó o fún òun nìyẹn, mo sì rò pé òótọ́ ló ń sọ. A kí i, a lọ. Inú bí mi, kì í ṣe sí òun, torí ìyá kan wà níbẹ̀ tó ti san owó mẹ́fà irú ẹ̀ sílẹ̀, mo bá a sọ ọ́, ó ní òun ti kó méjì lọ sílé ná.

Torí náà, tẹ́ẹ̀pù ní àpò. Gígùn lọ́nà fífẹ̀, ẹ fi igba àti díẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, tí iye tó wà lára sítíkà bá fi púpọ̀ ju ìyẹn lọ, ẹ máa lọ.

Nígbà tó wá ku 550 àti 580, ọ̀rọ̀ òjìji ló gba ọkàn mi. Méjèèjì jẹ́ half-cut, ìyẹn ni pé wọ́n gé sẹ́ẹ̀lì wọn sí méjì, wọ́n wá pín páńẹ́ẹ̀lì náà sí ìdajì òkè àti ìdajì ìsàlẹ̀ tí kálukú ń gbé iná tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ sólà ní 550 kan nílé àti pọ́lì àtijọ́ kan, mo ní ká fi ojú ara wa rí i. Aago mọ́kànlá àárọ̀, oòrùn mú. A fi aṣọ dúdú bo pọ́lì, a so ẹnu wáyà ẹ̀ méjèèjì pọ̀, a ká aṣọ kúrò, clamp meter, ẹ̀rọ tó ń wọn áńpù, sọ pé 7.7 A. A fi páálí bo ìlà sẹ́ẹ̀lì tó kángun sísàlẹ̀ nìkan, ìlà kan ṣoṣo o, ó já wálẹ̀ sí ohun tí kò tó 1 A. Gbogbo páńẹ́ẹ̀lì kú torí ìlà kan! A ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún 550 half-cut: 11.6 A tẹ́lẹ̀, a bo ìlà ìsàlẹ̀, 5.9. Ìdajì òkè ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Òjìji igi Àǹtí mi, etí ìsàlẹ̀ ló máa ń bọ́ sí, torí náà tá a bá to páńẹ́ẹ̀lì lóòró, ìdajì iná á ṣì máa wọlé kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Tá a bá dá wọn bùú, òjìji yẹn á bọ́ sínú ìdajì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, àǹfààní yẹn á lọ.

Ẹ jọ̀ọ́ tí ẹ bá fẹ́ dán èyí wò, ẹ má fi multimeter kékeré tó ní 10 A ṣe é fún páńẹ́ẹ̀lì ńlá, 14 A làwọn wọ̀nyí lè gbé, ó máa jó o. Ẹ sì bo páńẹ́ẹ̀lì kẹ́ ẹ tó tú wáyà tó so pọ̀ náà. Iná DC tí ẹ bá já lójú oòrùn máa ń ṣàná fòò, ó lè jó ọwọ́ èèyàn.

Àǹtí mi ti fẹ́ràn 580 tipẹ́, torí wọ́n sọ fún wọn pé ó ń gba oòrùn lójú méjèèjì, pé ẹ̀yìn ẹ̀ lè fi kún un tó 30%. Mo ní Àǹtí, òótọ́ ni pé ẹ̀yìn ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kí ló fẹ́ débẹ̀? Ó yẹ kó ga kúrò nílẹ̀, kí ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ funfun, bíi kọnkéré tàbí yanrìn, kí oòrùn lè ta padà sí i. Lórí òrùlé yín, nǹkan bí sẹ̀ńtímítà 10 ló máa wà láàárín òun àti páànù, inú òkùnkùn ni ẹ̀yìn yẹn máa wà. Ẹ má san kọ́bọ̀ kan nítorí ẹ̀yìn. Ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀.

Ohun tó wá gbé mi sẹ́yìn 580 lọ́nà tèmi ni ooru. Gbogbo wáàtì tó wà lára sítíkà, ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì wà ní dígírì 25 ni wọ́n wọ̀n ọ́n, a sì ti sọ pé ọ̀sán lórí òrùlé lè gbé e dé 65. Fún dígírì kọ̀ọ̀kan tó lé, PERC, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú 550 yẹn, máa ń pàdánù bíi 0.35%, N-type TOPCon, ìyẹn ti 580, bíi 0.30%, pọ́lì bíi 0.40%. Dígírì ogójì: 550 di nǹkan bí 473, 580 di 510. Wáàtì 30 tó wà láàárín wọn lórí sítíkà ti di 37 lójú oòrùn gidi. Lọ́dún àkọ́kọ́ pẹ̀lú, 550 yẹn lè fi 2% dín, 580 jẹ́ 1%, lẹ́yìn ìyẹn ó ń lọ sí 0.55% àti 0.4% lọ́dún, bí ìwé gáráńtì wọn ṣe kọ ọ́. A fi wáàtì pín owó méjèèjì, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kéré débi pé Àǹtí mi rẹ́rìn-ín. Ààyè wọn ò lè fẹ̀ sí i mọ́, torí náà èyí tó bá ń fún wọn ní púpọ̀ jù lórí ààyè kan náà ni kí wọ́n mú. Tó bá jẹ́ pé ìyàtọ̀ owó yẹn pọ̀ ni, 550 ni mi ò bá ní kí wọ́n kó, kò sí ohun tó ṣe é.

Ẹnì kan tún dábàá páńẹ́ẹ̀lì tó ń tẹ̀, tó fẹ́lẹ́ bí páálí. Ìyẹn dáa fún ọkọ̀ tàbí òrùlé tí kò lè gbẹ́rù, àmọ́ lílẹ̀ ni wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù, afẹ́fẹ́ ò ní rí abẹ́ ẹ̀ gbà, kì í sì pẹ́ tó ti gíláàsì. A ò dúró lórí ẹ̀.

Ìwúwo ni 580 fi gbẹ̀san. Gíláàsì méjì, ó tó kílò 32 ẹyọ kan, mẹ́rin ti tó 128, láìtíì ka irin tí wọ́n máa jókòó lé, atẹ́gùn náà sì máa ń fẹ́ gbé wọn sókè. Káfíńtà yọjú sí àjà, ó ní igi méjì nínú àwọn tó gbé páànù ti rẹ̀, ó pààrọ̀ wọn kí a tó gbé ohunkóhun gòkè. Mi ò bá ti sọ fún Àǹtí mi kí wọ́n pe káfíńtà náà kí wọ́n tó san owó páńẹ́ẹ̀lì, mo ṣe é lẹ́yìn ni, owó igi yẹn bá wọn lójijì, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, mo wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi nọ́ńbà ara sítíkà ẹ̀yìn wé èyí tó wà létí férémù wọn, mo ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e gòkè, torí lẹ́yìn tó bá ti dórí òrùlé, ẹ̀yìn ẹ̀ ò ṣe é kà mọ́, nọ́ńbà yẹn sì ni wọ́n máa béèrè tí ọ̀rọ̀ gáráńtì bá délẹ̀.

Ní aago méjìlá ààbọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí mi pè mí, ohùn wọn le. "Wọ́n ti rẹ́ mi jẹ! 2,320 lo ní, 1,880 ni mò ń rí níbí!" Mo ní Àǹtí, ẹ fara balẹ̀, 2,320 jẹ́ ti yàrá ìdánwò, dígírì 25, oòrùn 1,000 gbáko. Lórí òrùlé tó gbóná bí ìyẹn, tí oòrùn ò sì pé 1,000, 1,880 dáa gan-an ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ó dáa, fíríísà ń ṣiṣẹ́, bátìrì ti lé ní 80% báyìí, láàárọ̀ ọjọ́ yẹn 41% ló wà.

Wọ́n ti wá ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan lójoojúmọ́, iye yúníìtì tó wọlé, àti aago tí òjìji igi yẹn kúrò lórí páńẹ́ẹ̀lì tó wà ní ìpẹ̀kun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni. Wọ́n ní ẹ̀ka kan ṣoṣo ló ń fa ìṣẹ́jú méjìlá yẹn, pé ìyẹn nìkan làwọn gbà kí wọ́n gé.